Ìwọ̀n Ta Ni O Fi Gé Aṣọ? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Kíkọ́ Sọ́fítíwíà fún Ẹ̀rọ Tí Kò Lè Kọ́ Tirẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tó wà lórí ìjókòó, mo kí yín, mo sì tẹríba. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù há abíyá wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ẹ la sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ òwúrọ̀ yìí kọjá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ kú àpéjọ o. Ire la ó máa bá ara wa ṣe.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi ṣíde. Kọ̀ǹpútà mélòó ló wà nínú ilé yín? Ẹ má tíì dáhùn. Mo mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù àti fóònù lẹ̀ ń kà lọ́kàn. Ẹ ka mítà iná tí ẹ ń tẹ nọ́ńbà sí mọ́ ọn. Ẹ ka dẹ̀kódà tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ ka ráwtà tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ka POS ọwọ́ ìyá tó ń bá wa san owó lẹ́nu àdúgbò. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn. Wọ́n ní ọpọlọ, wọ́n ní ìrántí, ètò kan sì wà nínú wọn tó ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ta ló kọ ètò náà? Níbo ló jókòó sí tó fi kọ ọ́? Kò jókòó sínú mítà, ẹ̀yin ará mi.

Ẹ jẹ́ ká mú ráwtà kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káríayé, Linksys WRT54G, tó jáde ní ìparí ọdún 2002. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ní mẹ́gábáìtì 16 fún ìrántí, ó sì ní mẹ́gábáìtì 4 péré fún ìpamọ́. Compiler, ìyẹn ògbufọ̀ tó ń sọ ohun tí ọmọ ènìyàn kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, òun nìkan tóbi ju gbogbo yàrá tó wà nínú ráwtà yẹn lọ fíìfíì. Ṣé ẹnì kan lè ti ẹ̀rọ ìránṣọ bọ àpò agbádá tó ń rán lọ́wọ́? Kò ṣeé ṣe. Ẹlòmíràn ni yóò bá ráwtà rán aṣọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan níbì kan ni yóò kọ́ ètò tí ẹ̀rọ kékeré yóò máa lò. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní cross-compile, òun ni mo sì wá bá yín sọ.

Ẹ gbà mí láàyè kí n fi télọ̀ ṣàpèjúwe. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London, ẹ mọ bó ṣe ń rí tí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ń bọ̀. Aṣọ ẹbí ti délẹ̀ n'Ìbàdàn, télọ̀ ń bẹ n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ara tí yóò wọ agbádá ń bẹ lókè òkun. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ lórí WhatsApp: àyà, èjìká, apá, gígùn ṣòkòtò. Télọ̀ kò rí oníbàárà sójú. Àlùmọ́gàjí tirẹ̀ ló ń lò, orí tábìlì tirẹ̀ ló ti ń gé e, iná Ìbàdàn ló fi ń lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹni tó wà ní London ló wà lójú téèpù. Tó bá wá di ọ̀gànjọ́ òru ńkọ́, tí oorun ń kun télọ̀, tó ṣèèṣì na téèpù sí àyà ara rẹ̀? Aṣọ yóò parí. Yóò dán. Bọ́tìnnì yóò pé. Télọ̀ gan-an lè gbé e wọ̀ kó bá a mu rẹ́gí. Ọjọ́ tó bá dé London ni ẹjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Ìwọ̀n ta ni o fi gé e? Mo tún un sọ: ìwọ̀n ta ni o fi gé e? Tí ẹ bá gbàgbé orúkọ gbogbo irinṣẹ́ tí mo máa dá, ẹ má gbàgbé ìbéèrè yìí.

Cross-compile kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ní oṣù kìíní ọdún 1975, ìwé ìròyìn Popular Electronics gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ Altair 8800 sí iwájú ìwé. Bill Gates àti Paul Allen fẹ́ kọ èdè BASIC fún un, ṣùgbọ́n wọn kò ní Altair kankan lọ́wọ́. Ìdí kọ̀ǹpútà ńlá PDP-10 ní Yunifásítì Harvard ni wọ́n jókòó sí. Allen kọ ètò kan tó mú kí PDP-10 máa ṣe bí ẹni pé òun ni prọ́sẹ́sọ̀ Intel 8080 tó wà nínú Altair. Ìwé àlàyé prọ́sẹ́sọ̀ náà ló fi ṣe ìwọ̀n. Orí èyí ni wọ́n ti dán iṣẹ́ wọn wò. Nígbà tó yá, Allen wọ bàálù lọ sí Albuquerque pẹ̀lú ètò náà lórí bébà gígùn tí wọ́n dá ihò sí. Ó ti wà lókè kó tó rántí pé àwọn kò kọ ètò kékeré tí Altair yóò fi ka bébà náà sínú. Inú bàálù níbẹ̀ ló ti kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sínú Altair, Allen béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni 2+2. Altair dá a lóhùn: 4. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyàwó fẹsẹ̀ kan ilé ọkọ, gbogbo ẹrù rẹ̀ sì pé. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kókó kìíní: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ

Ẹ máa rí orúkọ kan tó gùn bí oríkì: arm-linux-gnueabihf. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Oríkì ni lóòótọ́, nítorí ìdílé ló ń sọ. arm ni ìran prọ́sẹ́sọ̀. linux ni kernel, ìyẹn ètò àgbà tó ń darí rẹ̀. Nínú gnueabihf, gnu ń sọ pé glibc ni library C (àkójọ ègé ètò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kí ètò mìíràn lè máa lò ó) tó wà nílé náà; eabi ni àdéhùn lórí bí apá ètò kan yóò ṣe máa pe èkejì; hf sì ń sọ pé nọ́ńbà tó ní póńtì, bíi 37.5, ní àpótí tirẹ̀ nínú prọ́sẹ́sọ̀, inú àpótí yẹn la ó ti máa gbé e fún ara wa. Tí ẹ bá rí gnueabi tí kò ní hf, ìdílé mìíràn nìyẹn. Àwọn méjèèjì kì í jẹun nínú àwo kan náà. ARM oníbíìtì 64 ń jẹ́ aarch64-linux-gnu. Èyí tó pọ̀ jù nínú láptọ́ọ̀pù orí itan yín ń jẹ́ x86_64-linux-gnu.

Tí ẹ bá gbé ètò ìdílé kan lọ sí ìdílé mìíràn, Linux yóò kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, yóò ní "Exec format error". Ẹ dúpẹ́ tí ẹ bá rí i. Àṣìṣe tó pariwo kì í pa ènìyàn. Èyí tó dákẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Orúkọ mẹ́ta mìíràn wà tí gbogbo ènìyàn ń ṣì mú, ẹ jẹ́ kí n tètè là á. Nínú Autoconf, irinṣẹ́ kan tó ń ṣètò bí a ó ṣe kọ́ ètò, build ni ibi tí a ti ń kọ́ ètò. Host ni ibi tí ètò yóò ti máa ṣiṣẹ́ nígbà tó bá parí. Target kò kàn yín rárá, àyàfi tó bá jẹ́ pé compiler fúnra rẹ̀ lẹ̀ ń kọ́. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ sábà máa ń rò pé láptọ́ọ̀pù wọn ni host nítorí pé òun ló ń gbàlejò iṣẹ́. Ẹ rò ó báyìí: láptọ́ọ̀pù jẹ́ ilé tí a ti bí ètò, host jẹ́ ilé tí yóò gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nítorí náà lẹ ṣe máa kọ:

./configure --build=x86_64-linux-gnu --host=arm-linux-gnueabihf

Ó tán. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Baba kan tó ń sin adìyẹ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta ní kí n bá òun ṣe ohun tí yóò máa ṣọ́ ooru nínú ẹ̀rọ tó ń bá adìyẹ sàba lé ẹyin. Raspberry Pi Zero, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni mo rà fún iṣẹ́ náà, nítorí pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Nílé, Raspberry Pi 3 ló wà lórí tábìlì mi. Mo kọ ètò náà lórí láptọ́ọ̀pù, mo fi arm-linux-gnueabihf-gcc tí mo gbà láti inú Debian (irú Linux kan) túmọ̀ rẹ̀, mo dán an wò lórí Pi 3, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo yọ memory card, mo gbé e dé oko, mo tì í bọ Zero. Linux dìde, ó dára. Mo pe ètò mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló fi dá mi lóhùn: "Illegal instruction."

Baba ti to ẹyin sínú ẹ̀rọ láti àárọ̀ nítorí pé mo ti ṣèlérí fún un. Òru ọjọ́ yẹn, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì wo tẹmómítà ní wákàtí wákàtí, kí ooru má baà kúrò ní nǹkan bíi 37.5. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ ń lò kó tó di òròmọdìyẹ, ooru tó bá ṣe ségesège ní òru kan lè ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́. Títí di òní ló ń dùn mí pé àgbàlagbà ṣàìsùn nítorí ìbéèrè kan tí n kò béèrè.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Prọ́sẹ́sọ̀ inú Zero ni ARM1176, irú èyí tó wà nínú Raspberry Pi àkọ́kọ́ tó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2012. Ìran ARMv6 ni. Debian tí wọ́n ń pè ní armhf kò bẹ̀rẹ̀ láti ARMv6; ARMv7 ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Compiler tí mo gbà níbẹ̀ ka gbogbo ayé sí ARMv7, ó sì kó ọ̀rọ̀ tí ARMv6 kò gbọ́ rí sínú ètò mi. Pi 3 gbọ́ ọ, nítorí pé àbúrò ni, ìwé tó kà ju ti ẹ̀gbọ́n lọ. Ẹ wò ó dáadáa: orúkọ kan náà, arm-linux-gnueabihf, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí gan-an nìyí tí Mike Thompson àti Peter Green fi jókòó ní ọdún 2012, tí wọ́n tún àwọn ètò inú Debian túmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ARMv6, tí wọ́n sì pe èyí tí wọ́n ṣe ní Raspbian.

Mo sáré fi -march=armv6 sí i. Mo rò pé ó tán. Kò tán. Ètò yín kì í dá rìn, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Gbogbo ètò C ló ní ègé kékeré kan tí compiler ń rán mọ́ ọn níwájú, èyí tó ń gbé e dìde kó tó dé main, ibi tí iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀, ègé yẹn náà ti di ARMv7 láti ilé àwọn tó kó compiler jọ. Mo yí ìwọ̀n ara aṣọ padà, ọrùn rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹlòmíràn. Compiler mìíràn tí wọ́n kọ́ fún ARMv6 látòkè délẹ̀ ni mo ní láti wá. Àṣẹ kan wà tó lè sọ fún mi kí n tó kúrò nílé: readelf -A. Ó máa ń kọ Tag_CPU_arch síta, yóò ní v6 tàbí v7. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Kókó kejì: ẹrù ilé télọ̀ kò gbọdọ̀ bá aṣọ lọ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń dákẹ́.

Ètò tó bá tó ètò kì í dá dúró. Ó ń wá library. Níbo ló ti ń wá a? Tí ẹ kò bá sọ fún un, inú láptọ́ọ̀pù yín ló ti máa wá a, nínú /usr/include àti /usr/lib. Yóò rí i níbẹ̀, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò ní òun ti rí OpenSSL, library tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. OpenSSL ta ni? Ti láptọ́ọ̀pù! Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Tó bá jẹ́ library fúnra rẹ̀ ló mú, linker, ẹni tó ń so ègé ètò pọ̀, yóò pariwo, nítorí ìdílé wọn kò papọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fáìlì header, èyí tó ń júwe ohun tó wà nínú library, ló mú, kò sẹ́ni tó máa pariwo. Header yẹn lè sọ pé nǹkan kan gùn tó báyìí, kó sì jẹ́ pé lórí ẹ̀rọ kékeré, kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ètò yóò parí, yóò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ.

Oògùn rẹ̀ ni sysroot. Kí ni sysroot? Fódà kan lórí láptọ́ọ̀pù yín tó jẹ́ àwòrán ilé ẹ̀rọ kékeré: /usr/include rẹ̀, /usr/lib rẹ̀, /lib rẹ̀. Òun ni ìwé ìwọ̀n tó wá láti London. A ó sọ fún compiler pé: nínú fódà yìí nìkan ni o ti gbọ́dọ̀ wá nǹkan tí yóò bá aṣọ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo CMake, irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Autoconf, fáìlì kékeré kan lẹ máa kọ, ẹ lè pè é ní ero.cmake:

set(CMAKE_SYSTEM_NAME Linux)
set(CMAKE_SYSTEM_PROCESSOR arm)
set(CMAKE_SYSROOT /opt/ile-ero/sysroot)
set(CMAKE_C_COMPILER arm-linux-gnueabihf-gcc)
set(CMAKE_FIND_ROOT_PATH_MODE_PROGRAM NEVER)
set(CMAKE_FIND_ROOT_PATH_MODE_LIBRARY ONLY)
set(CMAKE_FIND_ROOT_PATH_MODE_INCLUDE ONLY)

Ẹ wo ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, nítorí pé gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà nínú wọn. PROGRAM NEVER: irinṣẹ́ tí a ó fi ṣiṣẹ́, ẹ má lọ wá a nílé ẹ̀rọ láé, tiwa ni kí ẹ lò. LIBRARY ONLY, INCLUDE ONLY: ohun tí yóò di ara aṣọ, ilé ẹ̀rọ nìkan ni kí ẹ ti mú un. Àlùmọ́gàjí jẹ́ ti télọ̀, aṣọ jẹ́ ti oníbàárà. Àṣẹ tí ẹ fi máa pè é ni cmake -DCMAKE_TOOLCHAIN_FILE=ero.cmake. Tí ẹ bá sì yí ohunkóhun padà nínú fáìlì yẹn, ẹ pa fódà build rẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. CMake ti kọ ohun tó kọ́kọ́ rí sínú ìwé ìrántí rẹ̀, kì í tètè gbàgbé.

Ẹlòmíràn tó máa ń tú àṣírí ilé ni pkg-config. Òun làwọn ètò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, níbo ni library yìí wà?" Tí ẹ kò bá kọ́ ọ, ilé yín ni yóò júwe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi PKG_CONFIG_PATH tún un ṣe, kò sì tó, nítorí pé ńṣe ni ìyẹn kàn ń fi àdírẹ́sì kún èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. PKG_CONFIG_LIBDIR ló ń mú kó gbàgbé àdírẹ́sì àtijọ́. PKG_CONFIG_SYSROOT_DIR sì ń fi orúkọ fódà sysroot ṣáájú gbogbo ọ̀nà tó bá júwe. Ẹ lo méjèèjì pa pọ̀.

Mo rí ọwọ́ kan tó nà sókè lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ìbéèrè tó dára ni: kí ni a ó ṣe sí àwọn ìdánwò tí configure ń fẹ́ sáré wò? Ìdánwò kan wà tó fẹ́ mọ̀ bóyá malloc, ẹni tó ń pín ìrántí fún ètò, tí a bá ní kó fún wa ní òfo yóò fún wa ní nǹkan tàbí kò ní fún wa. Kò sí bí láptọ́ọ̀pù ṣe lè sáré ètò ARM wò, configure tó bá ti pẹ́ á wá méfò, á ní kò dájú, á sì fi rpl_malloc rọ́pò malloc. Bó bá di ìparí, linker á ní "undefined reference to rpl_malloc". Mo ti rí ẹni tó fi ọjọ́ méjì wá rpl_malloc kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, kò sì sí ewúrẹ́ kankan. Ẹ dáhùn ìbéèrè náà fún configure ṣáájú kó tó béèrè:

ac_cv_func_malloc_0_nonnull=yes ./configure --host=arm-linux-gnueabihf

Ẹ ti mọ ilé ẹ̀rọ, glibc ló wà níbẹ̀, ẹ mọ ìdáhùn. Télọ̀ tó pe London láti béèrè bóyá oníbàárà ń fẹ́ àpò kò ṣe àṣìṣe, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Kókó kẹta: ẹ má fọwọ́ rán gbogbo rẹ̀

Ètò ìsàba tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ libmosquitto láti fi ìròyìn ooru ránṣẹ́. libmosquitto fẹ́ OpenSSL kí ọ̀rọ̀ má baà tú sí gbangba lójú ọ̀nà. OpenSSL ní ọ̀nà tirẹ̀ tí a fi ń ṣètò rẹ̀, kò jọ ti Autoconf, kò jọ ti CMake. Kí ẹ tó ka ìkarùn-ún, ọwọ́ ti kún. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ yóò kọ́ ọgbọ́n, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Buildroot wà, irinṣẹ́ tó ń bá yín kọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe uClibc, library C kékeré kan, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2001. Orí rẹ̀ ni OpenWrt, Linux tí wọ́n ṣe fún ráwtà, gbà wá sáyé ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn rí i pé Linux ló wà nínú WRT54G, tí wọ́n béèrè fún kóòdù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ GPL ṣe fún wọn ní ẹ̀tọ́, tí Linksys sì gbé e síta. Ráwtà mẹ́gábáìtì 4 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló bí gbogbo iṣẹ́ ńlá yẹn. Yocto náà wà, irinṣẹ́ irú rẹ̀ tí Linux Foundation gbé dìde ní 2010. Ilé iṣẹ́ ńláńlá fẹ́ràn rẹ̀, ó lágbára, ṣùgbọ́n ìwé àlàyé rẹ̀ ní kí ẹ wá àyè ọ̀pọ̀lọpọ̀ gígábáìtì lórí díìsìkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kó lọ bá Buildroot.

Báyìí ni ó ṣe ń lọ. make list-defconfigs yóò to orúkọ àwọn bọ́ọ̀dù tó mọ̀ síwájú yín. Fún Zero tó ní Wi-Fi, ẹ tẹ make raspberrypi0w_defconfig; ARM1176 ti wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tún ní ṣàìsùn. make menuconfig ni ọjà tí ẹ ti máa ṣa ohun tí ẹ fẹ́. Make lẹ́yìn náà, Buildroot yóò kọ́ compiler fúnra rẹ̀, yóò fi compiler náà kọ́ library, yóò kọ́ kernel, yóò sì kó gbogbo rẹ̀ sínú output/images gẹ́gẹ́ bíi sdcard.img tí ẹ lè kọ sórí memory card. Ó ti ronú nípa ẹrù ilé télọ̀ pẹ̀lú. Tí ètò kan bá gbìyànjú láti wo /usr/include yín, compiler rẹ̀ yóò dá a dúró pẹ̀lú "unsafe header/library path used in cross-compilation". Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí gbólóhùn yẹn, mo dìde dúró. Àṣìṣe tó ti ń dákẹ́ láti ọjọ́ yìí, ẹnì kan ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Ẹ fetí sí nǹkan kan tí ìwé àlàyé kì í tẹnu mọ́ tó bó ṣe yẹ fún àwa tí iná àti dátà ń yọ lẹ́nu. Àṣẹ kan ń jẹ́ make source. Kò kọ́ nǹkan kan. Gbogbo kóòdù tí iṣẹ́ náà máa nílò ló ń gbà wálẹ̀ sínú fódà dl, ó tán. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti dára ni kí ẹ ti ṣe é. Bó bá parí, ẹ lè pa dátà, kí ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kí ẹ máa kọ́ ètò yín lọ. Ẹnì kan lè gbà á wálẹ̀ fún ènìyàn mẹ́wàá: ẹ da fódà dl sórí flash, ẹ gbé e fún ọ̀rẹ́ yín, kí ó fi BR2_DL_DIR júwe ibi tó wà. Tí iná bá lọ lójijì láàárín iṣẹ́, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ kàn tún tẹ make, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ètò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yí ìran prọ́sẹ́sọ̀ tàbí compiler padà nínú menuconfig, make clean ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbìyànjú àtidá ọgbọ́n sí i.

Kí ẹ tó gbé e kúrò nílé

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ̀rọ tó bá ti dé oko, tó ti dé orí òpó, tó ti dé abúlé tí ọkọ̀ kan péré ń lọ lójúmọ́, àtigbà á padà kò rọrùn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílé.

Ẹ fi àṣẹ file bi ètò léèrè ìdílé rẹ̀. Ẹ fi readelf -A bi í léèrè ìran rẹ̀. Ẹ wá lo QEMU, ọmọ ọgbọ́n tí Paul Allen dá lórí PDP-10 ni, Fabrice Bellard ló ṣe é:

qemu-arm -cpu arm1176 -L /opt/ile-ero/sysroot ./isaba

Mo bẹ̀ yín, ẹ má yọ -cpu kúrò. Tí ẹ kò bá sọ irú prọ́sẹ́sọ̀ tó jẹ́, QEMU yóò ṣe bí alágbára tó gbọ́ gbogbo èdè, yóò ní ètò yín dára, ìtàn oko yóò sì tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìlà yìí ìbá ti fi "Illegal instruction" hàn mí lórí tábìlì mi.

Ọ̀kan ṣì kù. Tí láptọ́ọ̀pù yín bá ń lo Ubuntu 22.04, glibc 2.35 ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ń lo Debian 11, 2.31 ló wà níbẹ̀. Ètò tí ẹ bá túmọ̀ pẹ̀lú ti tuntun yóò dé ibẹ̀, yóò ní "version GLIBC_2.34 not found". Ẹni tó kéré ni kí ẹ wọn aṣọ fún. Ẹ kó sysroot láti inú ẹ̀rọ gan-an, tàbí kí ẹ jẹ́ kí Buildroot kọ́ gbogbo ilé náà látòkè délẹ̀ kí ọjọ́ orí wọn lè dọ́gba.

Ọjọ́ kẹta ni mo padà sọ́dọ̀ baba. Mo ti kọ́ gbogbo ilé náà pẹ̀lú Buildroot, readelf sì ti sọ v6. Mo tì í bọ Zero, ó dìde, ooru jáde sójú fóònù baba: 37.4. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó wo ẹyin, ó sì ní kí ọmọ òun lọ sùn.

Ó tó gẹ́ẹ́ fún ẹnu. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ra dátà tó pọ̀ sórí ráwtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Ẹ ṣí láptọ́ọ̀pù yín. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù lọ́wọ́, kó wo orúkọ prọ́sẹ́sọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára kó sì kọ ọ́ sórí bébà kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ̀yin mẹ́ta tó wà ní iwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ make source fún wa. Flash mi nìyí, mo ń gbé e kiri bọ̀.